Nígbà Tí Wọ́n Ń Kà Mí Lórí Pákó

Ọdún tí ìjọba ní kí wọ́n ka gbogbo èèyàn ìlú, olùkọ́ kan báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin, ni wọ́n rán wá sí agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì. Ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun àti ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ó sì gbá ìwé ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ojúlé dé ojúlé ló ń lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ìyá mi gbé àpótí fún un, ó fún un lómi mu, ó sì béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Gbogbo ohun tí ọkùnrin náà bi í ló dáhùn. Ó ní ọkọ òun ti kú, ó ti pẹ́. Ó ní aṣọ òfì ni òun ń tà ní Òjé. Ọ̀rọ̀ wá kan ọmọ.

"Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Àwọn ọmọ mi wà," ni ìyá mi wí.

"Mo mọ̀ pé wọ́n wà, mà. Mélòó ni wọ́n?"

"Ọlọ́run tó fún mi mọ iye wọn."

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìjọba náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ní kó bá òun kí ìjọba. Ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àbí ẹni tó rán an níṣẹ́ yìí kò ní ìyá tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un ni? Ọkùnrin náà wo apá ibi tí mo jókòó sí nídìí òfì mi, ó wo inú yàrá, kò rí ẹlòmíràn. Ó kọ ọ̀kan sínú ìwé rẹ̀. Mo rí i nígbà tó kọ ọ́. Ìyá mi kò mọ̀wé, kò mọ ohun tó kọ, èmi náà kò sì sọ fún un.

Mo tó ẹni ogún ọdún nígbà náà. Mo ti ka ìwé mẹ́fà kí n tó jókòó sídìí òfì, mo sì gbọ́n nígbà yẹn ju bí mo ṣe gbọ́n lónìí lọ. Ohun tí ìyá mi ṣe fún olùkọ́ náà tì mí lójú. N kò tíì rí ẹni tó mọ nǹkan kà tó o. Bí a bá di aṣọ òfì ní ìdì kan gbé síwájú rẹ̀, yóò fi àtàńpàkò kan yẹ etí rẹ̀ wò, yóò sì sọ iye fọ́nrán tó wà níbẹ̀ láìtú u. Ọjọ́ ọjà Òjé kì í ṣì í lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàdógún ni wọ́n ń ná an. Àmọ́ orí èèyàn kò sí nínú ohun tí yóò kà. Bí àwọn ọmọ agboolé bá ń ṣeré lójúde, tí àlejò kan na ìka sí wọn, tó ń ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ìyá mi yóò lọ bá a, yóò rọra tẹ ìka náà wálẹ̀, yóò bi í bóyá ewúrẹ́ ni wọ́n. Gbogbo ìyá tí mo mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì ló mọ èèwọ̀ yìí. Ti ìyá mi ló le jù, n kò sì béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Ọdún méjì ṣáájú kí olùkọ́ náà tó wá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú. Èmi àti òun la jọ ń hun aṣọ, òfì rẹ̀ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, a jọ máa ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ pọ̀ bí a bá ń ta ọ̀kọ̀ ìhunṣọ lọ ta á bọ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Ibà mú un lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó yí, a ti sin ín. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Mo dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin agboolé, a kírun òkú, a gbé e, a bò ó. N kò sunkún. Mo retí ẹkún náà títí ilẹ̀ fi ṣú, mo tún retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán, mo padà sídìí òfì mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ibi tí mo dá a dúró sí.

Ohun tó ṣe mí lẹ́yìn náà, n kò mọ bí mo ṣe lè pè é. Ara mi kú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń wí i. Mo ń jẹun, n kò mọ adùn rẹ̀. Bí wọ́n bá bá mi sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́, àmọ́ ó máa ń jọ pé ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni wọ́n ń bá wí. Lọ́jọ́ kan, abẹ tí mo fi ń gé òwú gé mi ní ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo bínú nítorí aṣọ náà. Ọwọ́ kò dùn mí.

Èmi nìkan ló wá kù lọ́wọ́ ìyá mi. Gbogbo agboolé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé kì í sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí mo bá gun igi, ẹnìkan yóò ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, bí òjò bá ṣú tí n kò sì tíì ti Òjé dé, wọn óò ti máa yọjú wo ọ̀nà. Ìyá mi fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń sùn sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó ní ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé.

Ibi tí mo ti bá ẹ̀ṣẹ́ pàdé ni Bẹẹrẹ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó ti jagun ní Bọ́mà, ó sì kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ láàrin àwọn sójà. Ó so àpò yanrìn kan mọ́ igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a máa wá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti lù ú. Mo gbé aṣọ kọjá lọ́jọ́ kan, mo dúró wò wọ́n. Ó ní kí n gbé ẹrù mi sílẹ̀, kí n wá. Ó fi ìbọ̀wọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sì ní kí ọ̀kan nínú wọn bá mi ṣeré díẹ̀. Eré náà kò pẹ́ tí onítọ̀hún fi fún mi ní ẹ̀ṣẹ́ kan lẹ́nu. Mo dúró síbi tí mo dúró sí, mo ń wò ó.

Ọkùnrin náà súnmọ́ mi, ó wo ojú mi dáadáa. "Kò dùn ẹ́ ni?"

"Kò dùn mí, sà."

Òótọ́ ni mo sọ. Ó ń rò pé akin lòun rí. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì ju oúnjẹ lọ. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ ló ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún, ó sì ń pè wọ́n bíi pé òun ló sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó dà mí láàmú ni èyí tí wọ́n ń pè ní "count out". Mo mọ "count", mo mọ "out", ìwé mẹ́fà tí mo kà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n so méjèèjì pọ̀, n kò mọ ẹni tó ń jáde, n kò mọ ibi tó ń jáde lọ. Ọ̀gá mi ṣàlàyé. Ó ní bí o bá ṣubú, adájọ́ ìjà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní rẹ́fírì, yóò dúró lé ọ lórí, yóò máa kà, yóò máa na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ kí o lè rí i bí etí rẹ kò bá tilẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá kà á dé mẹ́wàá tí o ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ti kà ọ́ jáde nìyẹn.

Mo ní ta ló ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Nínú ìjàkadì tiwa, bí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ó parí, kálukú ń lọ sílé. Ọ̀gá mi ní ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yàtọ̀. Ó ní ìṣubú kọ́ ló ń pa èèyàn nínú ẹ̀ṣẹ́, kíkà ni. Ó wá dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo kẹ̀kẹ́ ti sọ di dúdú, tòun ti aṣọ, ó ní kí n máa kà. Nígbà tí mo ka ọ̀kan dé mẹ́fà, kò mira, ó ń mí lọ́ra. Ní èje, ó fi orúnkún kan gúnlẹ̀. Ní ẹ̀jọ, ó ti dúró, ó gbé ọwọ́ sókè. "Òmùgọ̀ ló ń yára dìde," ó wí. "Ìsinmi rẹ ni wọ́n ń kà yẹn. Mú gbogbo rẹ̀."

Mo rò pé ó ti yé mi. Mo tilẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n máa ń ta dráàfù lábẹ́ ibòòji ilé aránṣọ kan ní Ọjà'ba. Bí ẹnìkan bá tẹjú mọ́ pátákó títí, tí kò mọ ọmọ tí yóò ta, àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n á na ìka sí i lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dé mẹ́wàá, wọ́n ti kà á jáde, kó dìde fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Èmi náà ń bá wọn fi ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí ojú mi kan fi wú. Mo ti purọ́ fún un rí pé ẹrù ló bọ́ lù mí, ti ọ̀tẹ̀ yìí kò ṣeé purọ́ sí. Ó gbé omi kaná, ó da iyọ̀ sí i, ó ti aṣọ bọ̀ ọ́, ó sì gbé e lé ojú mi.

"Ta ló nà ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí, Ìyá. Eré ni. Ẹ̀ṣẹ́ là ń kàn ní Bẹẹrẹ."

Mo rí èéfín tó ń rú lára aṣọ náà, n kò sì fà sẹ́yìn. Ó gbé e kúrò, ó fi kan apá ara rẹ̀ wò, ó sì fà á yọ kíákíá nítorí gbígbóná rẹ̀. Ó wá ń wò mí, aṣọ ń kán omi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ tí kò mọ ìgbà tí ara ń dun òun, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó sá?"

Ó ní kí n má lọ mọ́. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ nìkan ni ohun tó ń ṣe mí ti wúlò fún nǹkan kan.

Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò mú mi, ó dìde lọ bá ọ̀gá mi ní Bẹẹrẹ fúnra rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ó kí i dáadáa, ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i fún àwọn ọmọ tó ń gbà tọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà lọ́mọ. Èyí ló kù lọ́wọ́ mi." Ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún epo, ó wólẹ̀ kí i, ó ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní ìjà kan ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹni tó bá borí yóò lọ jà ní Èkó. Ó ní kí ìyá mi wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà láàrin àwọn méjèèjì tó ń jà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ wọn lọ, kò níí jẹ́ kí ohunkóhun ṣe mí. Ìyá mi ní òun yóò wá.

Ohun tí ọ̀gá mi kò sọ fún un ni pé ọkùnrin tí ń ṣọ́ wa yìí máa ń kà. Ọ̀gá mi kò kúkú mọ bí èèwọ̀ yẹn ṣe le tó lójú ìyá mi. Èmi tí mo ti gbé inú ilé ìyá mi fún ogún ọdún, tí mo rí i bó ṣe ń tẹ ìka àlejò wálẹ̀, tí mo rí i pẹ̀lú olùkọ́ tó wá ka èèyàn, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. N kò ní àwáwí fún èyí.

Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ti jà á, lọ́sàn-án. Wọ́n to pákó lé orí àgbá, wọ́n ta okùn yí i ká, àwọn èèyàn jókòó sórí àga ìjókòó àwọn ọmọ iléèwé, àwọn tó kù gun ògiri. Ìyá mi wọlé pẹ̀lú ìborùn tó fi bo orí, tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ọ̀gá mi fún un ní àga níwájú, nítòsí okùn. Kò wo ẹnìkankan, kò wo ẹni tí mo fẹ́ bá jà pàápàá, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ń la pákó, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Èmi ló tẹjú mọ́.

Ìpele kìíní lọ, ìkejì lọ. Mo ń lu ọmọkùnrin náà, òun náà ń lù mí. Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lára mi bí ẹni gbọ́ tí wọ́n ń gún nǹkan nílé kejì. Àwọn èèyàn ń pariwo pé abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, n kò mọ èwo nínú wa ni wọ́n ń kí. Ní ìpele kẹta, ó fi ọwọ́ òsì tàn mí, ó fi ọ̀tún gbá mi lágbọ̀n. Mo rí ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà, mo rí pákó.

Pákó náà tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Rẹ́fírì náà dúró lé mi lórí, ọkùnrin tó wọ funfun nigínnigín, ó na ìka kan. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi. Ara mi kò ṣe nǹkan kan. N óò sọ òótọ́, ibẹ̀ dùn ún wà. Ó na èkejì, ó na ẹ̀kẹta. Ariwo àwọn èèyàn jìnnà. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan kún, mo yí ojú díẹ̀, mo rí ìyá mi láàrin okùn. Kò pariwo, kò dìde. Ó ń wo àwọn ìka ọkùnrin náà, ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Rẹ́fírì náà na ìka kan lára ọwọ́ kejì, mo ká orúnkún mi jọ. Ó na èkeje, mo fi orúnkún kan gúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. N óò dìde ní ẹ̀kẹjọ. Agbára rẹ̀ wà lára mi.

Ẹ̀kẹjọ kò dé. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ìyá mi ti kọjá lábẹ́ okùn, ó ti wà lórí pákó pẹ̀lú wa, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ́fírì náà mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń pa àwọn ìka náà dé, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa ìka ọmọdé dé lórí nǹkan tó fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ń wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ má kà á mọ́. Ẹ má kà á."

Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí ògiri, ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀. Rẹ́fírì náà ń bi í pé, "Mà, kí lẹ ń ṣe báyìí?" Kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí mo fi dìde dúró níwájú rẹ̀. Òfin ìjà náà ni pé bí ẹni tìrẹ bá wọlé bá ọ láàrin okùn, o ti fìdí rẹmi. Wọ́n gbé ọwọ́ ọmọ Abẹ́òkúta sókè. Òun fúnra rẹ̀ kò yọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ó ní kó má bínú, eré ni. Ọ̀gá mi ju aṣọ ìnura sílẹ̀, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo wá ìtìjú nínú ara mi, n kò rí i. Mo wá ìbínú, kò sí. Mo wọ ẹ̀wù mi, mo mú ìborùn ìyá mi nílẹ̀, mo gbọn eruku rẹ̀, mo fún un.

A gba ìdí Mapó, a sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Ìyá mi ló ṣáájú. Ìròyìn ti dé ilé ṣáájú wa, ẹsẹ̀ ìròyìn yá púpọ̀ n'Íbàdàn. Nígbà tí a dé ibòòji ilé aránṣọ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti na ìka sókè, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà mí, ẹnìkejì rẹ̀ gbá ọwọ́ náà wálẹ̀ nígbà tó rí ìyá mi. Wọ́n kí i. Ó dá wọn lóhùn dáadáa.

Nígbà tí a délé, ó jókòó sórí ẹní, mo jókòó sórí ìjókòó òfì mi. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé "count out" fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọ̀gá mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo fi ti ìjàkadì wé e. Mo ní, "Ìyá, mo ti ń dìde. Mẹ́wàá ni wọ́n ń kà á dé. Ó ṣì ku mẹ́ta."

"Mẹ́wàá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó rò ó díẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ó máa dé mẹ́wàá."

Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan, ó fi ìka ọ̀tún di ọmọńdinrín mú. Títí di ọjọ́ náà, mẹ́ta ni mo mọ̀ pé ìyá mi bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó kú nígbà tí mo kéré.

"Èyí ò dé ìkómọ," ó wí.

Ó di ìka tó tẹ̀ lé e mú. "Èyí ti ń rìn. Èéyi ló mú un."

Ó di ẹ̀kẹta mú. Ó ní obìnrin nìyẹn, orí ìdì aṣọ ló fẹ́ràn láti máa sùn, ó máa ń fi ẹnu fa òwú rẹ̀. Ó di ẹ̀kẹrin mú, ó ní èyí ni òun kò rí lójú, wọ́n ti gbé e lọ kí ara òun tó balẹ̀. Ó di àtàńpàkò mú, ó ní èyí ni bàbá mi máa ń gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí lórí èjìká, ìgbóná ló mú un. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Bó ṣe ń sọ iye fọ́nrán inú ìdì aṣọ fún oníbàárà ló ṣe ń sọ ọ́.

Ó pààrọ̀ ọwọ́. Ó ní, "Èyí ló pọ̀n ọ́ dàgbà." Mo rántí ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rántí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ìka kan tí kò sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó dì í mú pẹ́. Kò nílò kó sọ ti ta ni. Èkeje nìyẹn.

Mo rí ìka tó kàn. Òun náà rí i. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀.

Ọ̀gá mi ti kọ́ mi ní òfin rẹ̀ dáadáa, kò sí ibi tó ṣì mí sọ́nà. Àmọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ ni òfin náà wà fún, ó ń sinmi, kò gbọ́ púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe òfin fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn okùn, tó ń wo ìka. Ìyá mi ti wò ó ní ìgbà méje tó parí. Ohun tí èmi pè ní ìsinmi lórí pákó tútù yẹn, ikú gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ ni òun ń wò níbẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ, títí ó fi kàn mí.

Ó ní kí n lọ wẹ̀, kí n fọ eruku ara mi. Mo gbé omi lọ sẹ́yìn ilé. Mo bu igbá kan, mo dà á sórí, àgbọ̀n mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Kó tó di pé mo mọ̀, ìhà mi ti gbà á, ojú mi gbà á, ìka ọwọ́ mi tí abẹ gé lọ́jọ́sí gbà á. Ó dùn mí débi pé mo jókòó sórí òkúta ìwẹ̀ tòun ti ìhòòhò mi. Ẹkún tó jáde lẹ́nu mi, èmi pàápàá kò mọ̀ pé ohùn mi lè dún bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń pè.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n sáré wá, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi ara wọn bóyá ejò ni. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn ògiri, ó ti dúró síbẹ̀ ṣáájú wọn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. "Ó ń sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀."